Ta Ni Yóò Máa Bọ́ Ọ Nígbà Ríhásà?

Bí ọ̀dọ́ kan bá wá bá mi pé, "Àǹtí, mo fẹ́ máa ṣe eré orí ìtàgé, kí n sì máa fi jẹun," n kì í bi í bóyá ó lẹ́bùn. Ẹ̀bùn ò wọ́n wa. Ẹ dúró ní Ọ̀jọ́tà fún wákàtí kan, kí ẹ gbọ́ bí àwọn tó ń ta àgbo ṣe ń polówó ọjà, ẹ ó mọ̀ pé òṣèré kún ìgboro. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé ta ni yóò máa bọ́ ọ nígbà ríhásà. Ọ̀pọ̀ wọn á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé mo ń ṣàwàdà.

N ò ṣàwàdà rárá. Eré tí ẹ jókòó wò fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Àìkú, àwa lè ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí rẹ̀, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́: ijó, orin, ọ̀rọ̀ ẹnu, ibi tí kálukú yóò dúró sí, ibi tí yóò gbà jáde. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, iye ìgbà tí a bá ṣeré fún òǹwòran ni wọ́n fi ń ṣírò owó òṣèré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ọ̀hún kò sí níbẹ̀. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ń fún ẹni tó bá ríire, pẹ̀lú ìrẹsì inú ike lọ́sàn-án. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Victoria Island lójoojúmọ́ mọ̀ pé owó ọkọ̀ yẹn kì í tó wọkọ̀.

Ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní Gbági n'Íbàdàn, kò mọ nǹkan kan nípa tíátà, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò. Nígbà tí mo sọ fún un pé tíátà ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, kò bínú, kò fi Bíbélì halẹ̀ mọ́ mi. Ó kàn ní, "Ṣé wọ́n ń san owó oṣù níbẹ̀?" Mo ní rárá. "Ti ọ̀sẹ̀ ńkọ́?" Mo ní rárá. Ó kọjú padà sí oníbàárà rẹ̀.

Láyé àwọn bàbá wa nínú iṣẹ́ yìí, ìbéèrè ìyá mi ní ìdáhùn. Hubert Ògúndé, ọmọ Òṣoṣà, ọlọ́pàá ni. Ní 1944 ó gbé eré kan nípa ọgbà Édẹ́nì jáde fún ìjọ, ní Glover Hall l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di 1945, ó ti dá ẹgbẹ́ tíátà sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹ, kì í ṣe ti ìgbafẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e gba ọ̀nà kan náà: ọmọ iṣẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ń jẹun lọ́dọ̀ ọ̀gá, inú bọ́ọ̀sì ọ̀gá ló sì ń bá a rin ìrìn-àjò. Obìnrin tó se ọbẹ̀ lọ́sàn-án lè jẹ́ ayaba lórí ìtàgé lálẹ́. Ògúndé fúnra rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré ṣaya. Ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, ojú oníṣekúṣe ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń wo ọmọbìnrin tó bá ń jó níwájú èrò, èyí tó bá sì lọ́kọ síta, ọkọ á ní kó jáwọ́. Bó ṣe fẹ́ wọn yẹn, ẹgbẹ́ ò tú. Èmi ò ní gbà á lọ́wọ́ olóòtú kankan lónìí o, ẹ má bá mi dá a lábàá.

Èyí tó wù mí jù nínú ètò wọn ni bí eré ṣe ń gbó. Oyin Adéjọbí àti ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Óṣogbo kì í kọ eré sílẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó bá wọn rìn, tó tilẹ̀ bá wọn ṣeré, ti kọ̀wé nípa wọn. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipa, á sọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ já sí. Ohun tí òṣèré yóò fi ẹnu sọ di ọwọ́ òṣèré. Bí èrò bá rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn kan nílùú yìí, gbólóhùn náà á ti gùn sí i kí wọ́n tó dé ìlú kejì. Èyí tí kò bá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, wọ́n á gé e sọnù. Ẹ ò rí i pé iwájú ẹni tó ti sanwó ìwọlé ni wọ́n ti ń ṣe apá tó pọ̀ jù nínú ríhásà wọn. Owó géètì ló ń bọ́ wọn títí eré fi dùn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Kọ́lá Ògúnmọ́lá rí owó ìrànwọ́ Rockefeller Foundation gbà, ó sì lọ lo àkókò ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ eré sílẹ̀ ní 1962. Ibẹ̀ ló ti gbé Ọ̀mùtí jáde ní 1963, láti inú ìtàn Amos Tutùọlá. Ní ọdún yẹn náà ni Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Mbari Mbayo, Òṣogbo, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Berlin ní 1964. Àwọn tó ń sọ pé òyìnbó ò lè wo eré Yorùbá, kí wọ́n lọ bi àwọn ará Jámánì.

Ayé wọn kò dùn bí oyin o. Ọ̀gá ló ń pín owó bó ṣe wù ú, ọmọ iṣẹ́ tó sì fẹ́ gba fíríìdọ̀ọ̀mù gbọ́dọ̀ sìn ín dáadáa. Ìjọba pàápàá lè ti ilẹ̀kùn oúnjẹ wọn lójijì. Ní 1964, eré Yorùbá Ronú bí àwọn olóṣèlú nínú, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé. Ó di 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ọ̀nà ń bọ́, ẹ wo irú ìyà tí ìyẹn jẹ́.

Sinimá ló kọ́kọ́ fa àwọn ọ̀gá wa kúrò lójú ọ̀nà. Adé Love àti Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, owó wọlé, àwọn yòókù sì tẹ̀lé wọn. Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè tó ń ṣe ẹ̀dà fíìmù oní-fíìmù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di aláìní. Lẹ́yìn náà ni fídíò dé. Epo ọkọ̀ wọ́n, ọlọ́ṣà gba òru, kò sí ẹni tó fẹ́ jáde lọ wo eré ní gbọ̀ngàn mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ tú ká, ilé ọ̀gá tí wọ́n ti ń jẹun sì tú pẹ̀lú wọn. Èmi ò bá àwọn tó lọ sí lokéṣàn fíìmù jà. Ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀ lè san ju oṣù kan lórí ìtàgé lọ.

Ṣùgbọ́n ìtàgé kò kú. Terra Kulture wà ní Victoria Island láti 2003, Bọ́láńlé Austen-Peters, olùdásílẹ̀ rẹ̀, sì ti fi hàn pé èrò á sanwó gidi fún eré olórin: ó gbé Saro jáde ní 2013, ó sì ṣí gbọ̀ngàn tirẹ̀ ní 2017. Freedom Park, tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ ní Broad Street, máa ń gba eré. Ilé tíátà ńlá tí ìjọba kọ́ sí Ìgànmú ní 1976, kí FESTAC tó wáyé ní 1977, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ló ń jẹ́ láti 2024. Crown Troupe of Africa tí Ṣẹ́gun Adéfilà dá sílẹ̀ ní 1996 ṣì ń ṣeré bí ẹgbẹ́, èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ìṣòro ìtàgé òde òní ni pé àsìkò ọdún ni iṣẹ́ ń pọ̀: Àjíǹde, ọjọ́ òmìnira, Kérésìmesì. Láàárín ìgbà wọ̀nyẹn, kí òṣèré mọ ibi tí yóò yà sí.

Ibi tí èmi ń yà sí rèé. Mo ń ka ìpolówó lédè Yorùbá fún rédíò. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìparí ọdún, níbi tí gbogbo òbí ti fẹ́ kí ọmọ tiwọn ṣe ọba. Èyí tó ń san jù ni alága ìjókòó níbi ìdána: owó ìdúnàádúrà wà, owó tí wọ́n ń ná síni lára náà wà. Wàhálà rẹ̀ ni pé Sátidé kan náà ni ìdána àti eré máa ń bọ́ sí. Mo ti mú àwọn ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀ tán láago kan ọ̀sán, tí mo sì ti wà nínú aṣọ Mọremí láago mẹ́ta, tí gèlè ìdána ṣì wà nínú báàgì mi. Iṣẹ́ kan náà sì ni, bí ẹ bá wò ó. Alága tí kò bá lè gba ojú agbo padà lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹun, kò lè ṣe é lórí ìtàgé.

Ẹni tó bá fẹ́ wá sídìí iṣẹ́ yìí, ohùn ni kí ó kọ́kọ́ tọ́jú. Kámẹ́rà á súnmọ́ ẹ, ìtàgé kò ní súnmọ́ ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ wa kan máa ń lọ jókòó sí àga tó gbẹ̀yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn, á kẹ̀yìn sí wa, á ní ká bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gbọ́, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó padà síbi tí gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀. A kọ́kọ́ ń pariwo. Ariwo kò ṣiṣẹ́, nítorí pé bí èèyàn bá ti ń pariwo Yorùbá, gbogbo ohùn á gòkè, àárín á di òkè, ìtumọ̀ á sì fọ́. Ibi tó tún ń sọnù ni ìparí gbólóhùn. Bí ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣèré á gbé e mì pẹ̀lú èémí tó kù nínú wọn, ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì lè jẹ́ orúkọ ẹni tó pa ọba. Ohun tó tọ́ ni kí o fa èémí sí ìsàlẹ̀ ikùn kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì fi díẹ̀ pamọ́ de ìparí. Ó gbà mí ní àkókò gan-an. Títí di òní, bí mo bá dé gbọ̀ngàn tuntun, màá ní kí ẹnìkan lọ jókòó sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ohùn, kọ́ ìlù. N ò ní kó o di àyàn, ṣùgbọ́n kí o lè gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ kú nígbà tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọba. Òkùnkùn bo gbogbo gbọ̀ngàn. Onílù kò dá ọwọ́ dúró. Ó yí ìlù padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọba náà, ó ń fà á gùn. Mo dìde, mo tẹ̀lé ohùn ìlù títí ẹsẹ̀ mi fi kan àtẹ́gùn ìtẹ́, mo sì ń kì í bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí iná padà dé, èrò rò pé bí a ṣe tò ó nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún jẹnẹrétọ̀.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, yunifásítì dára: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìlọrin, LASU. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e, kí ó wá ẹgbẹ́ tó ń ṣeré, kí ó lọ máa ràn wọ́n lọ́wọ́ nídìí iná tàbí aṣọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ méjì nínú gbọ̀ngàn ni wọ́n máa ń pè padà.

Ìwé àdéhùn wá ńkọ́? Olóòtú kan kó wa jọ nígbà kan, a ṣe ríhásà títí aṣọ eré fi délé. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, onígbọ̀wọ́ yọwọ́, wọ́n sì ní ká máa lọ sílé, Ọlọ́run á pèsè. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè gbé jáde. Ọ̀kan nínú wa ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nítorí eré yẹn. Nítorí náà, kí ọjọ́ kìíní tó pé, kí ó wà ní kíkọ sílẹ̀: iye tí wọ́n yóò san lọ́sẹ̀ ríhásà, iye ìgbà tí eré yóò wáyé, ohun tí wọ́n yóò san bí wọ́n bá fagi lé e, ẹni tó máa sanwó ọkọ̀ lóru, àti ẹni tó máa gbé ọ lọ sílé ìwòsàn bí o bá jábọ́. Olóòtú tó ń bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, àánú rẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣe ọ́. Máa lọ.

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ àti báńkì tẹ́ ẹ máa ń fi orúkọ yín sára ìwé ìpolówó eré, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ yìí kù sí jù. Owó iná, owó gbọ̀ngàn, owó aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wà nínú ìṣirò tí wọ́n ń gbé wá fún yín. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ owó òṣèré sí. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ tí eré ṣí ni owó náà bẹ̀rẹ̀, ẹ dá ìwé náà padà, kí wọ́n lọ tún un ṣe.