Ìdájọ́ Òkè Òkun ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ká fi í ṣe àpẹẹrẹ pé ọmọ Àkótógbò kan ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì yá ọmọ ìlú rẹ̀ kan lówó ńlá níbẹ̀. Nígbà tí onítọ̀hún kò san án, ọ̀ràn náà di ti ilé-ẹjọ́. Adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ó sì pàṣẹ pé kí onígbèsè san gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó fi èdìdì sí ìwé ìdájọ́ náà, onígbèsè ti di ẹrù rẹ̀, ó ti padà sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ó ń gbé inú ilé tí ó fi owó olówó kọ́. Ẹni tí ó jàre mú ìwé rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni yóò gbé e fún? Ọlọ́pàá ni bí? Àbí Lárógbò, ọba Àkótógbò? Àbí ilé-ẹjọ́ tí ó wà ní Òkìtìpupa?

Ìwé náà, bí ó ti wù kí èdìdì rẹ̀ dán tó, kò ní agbára kankan ní Àkótógbò títí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ yìí yóò fi gbà á wọlé. Bí ọba bá rán ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ sí ilé ìjòyè kan nínú ìlú tirẹ̀, tọmọdé tàgbà ni yóò bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí ìránṣẹ́ náà bá gbé ọ̀pá yìí kan náà dé ìlú ọba mìíràn, igi lásán ni, àyàfi bí ọba ibẹ̀ bá wí pé òun mọ ẹni tí ó rán an. Kì í ṣe ìgbéraga ni ó fa èyí. Ilẹ̀ tí adájọ́ àjèjì lè rán akọ́dà wọ̀ láì tọrọ àyè kì í ṣe ilẹ̀ òmìnira mọ́. Ilẹ̀ tí kì í sì í gba ìdájọ́ àjèjì rárá yóò di ibi ìsádi fún àwọn onígbèsè gbogbo ayé, àwọn ilẹ̀ yòókù kò sì ní ka ìdájọ́ tirẹ̀ sí. Láàárín ewu méjèèjì yìí ni àwọn aṣòfin ń wá ọ̀nà gbà.

Òfin tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí ní Nàìjíríà ni èyí tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ọdún 1922. Ìdájọ́ owó ni ó kàn, kò kan ìkọ̀sílẹ̀ ìyàwó tàbí ọ̀ràn ta ni yóò tọ́ ọmọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́kọ́ ṣe é fún, a sì nà án dé àwọn ilẹ̀ mìíràn tí ó wà lábẹ́ àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bíi Ghana, Sàró, Gámbíà àti Jàmáíkà. Ẹni tí ó ní ìdájọ́ yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga, yóò fi ìwé ìbúra àti ẹ̀dà ìdájọ́ náà tì í lẹ́yìn, yóò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ ìdájọ́ òun sínú ìwé ilé-ẹjọ́. Bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, agbára rẹ̀ di ọ̀kan náà pẹ̀lú ìdájọ́ tí adájọ́ ilẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ dá.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé adájọ́ tí a gbé ìwé náà tọ̀ kì í tún ẹjọ́ náà gbọ́. Kì í bèèrè bóyá adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù mọ òfin tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà tí a gbà dé ibi ìdájọ́ ni ó ń wò. Ǹjẹ́ ilé-ẹjọ́ yẹn ní àṣẹ lórí ẹni tí a pè lẹ́jọ́? Ǹjẹ́ jìbìtì wà nínú rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣì wà nílẹ̀? Ǹjẹ́ ohun tí a ń béèrè kò lòdì sí ire ìlú? Èyí tí ó sì wúwo jù lójú Yorùbá: ǹjẹ́ a fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé onítọ̀hún lọ́wọ́ kí ó lè wá sọ tẹnu rẹ̀? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kò sí ohun àjèjì nínú ìbéèrè yìí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí níwájú àwọn àgbà tí ń parí ìjà.

Ìṣòro tí ó ti da ọ̀pọ̀ rú ni ti àkókò. Òfin 1922 fi oṣù 12 sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ìdájọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ lè fi kún un fún ẹni tí ó bá tọrọ. Òfin kejì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961, ṣe ọ̀làwọ́ jù ú lọ: ọdún 6 ni ó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀làwọ́ yìí kò lè bẹ̀rẹ̀ títí mínísítà fún ọ̀ràn ìdájọ́ yóò fi ṣe ìwé àṣẹ tí ó dárúkọ àwọn ilẹ̀ tí ó kàn. Báńkì kan láti ilẹ̀ Austria jàre ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rò pé ọdún 6 ni òun ní, oṣù 12 sì kọjá lórí rẹ̀ láì tọrọ àfikún. Nígbà tí ọ̀ràn náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tí a sì dá a ní 2003, a rí i pé mínísítà kankan kò tí ì ṣe ìwé àṣẹ náà, láti nǹkan bí ogójì ọdún. Òfin àtijọ́ ni ó borí, a sì fagi lé ìwé tí báńkì náà ti gbà ní ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀. Àìka-nǹkan-sí ọ́fíìsì kan ni ó sọ owó ńlá nù, kì í ṣe àìtọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yani lẹ́nu. Ìlú Kétu, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìlú Yorùbá àtijọ́, wà ní ilẹ̀ Benin Olómìnira, ọkọ̀ lè ti Àkótógbò dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Síbẹ̀ ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù rọrùn láti gbà wọlé ní Nàìjíríà ju ìdájọ́ Pọ̀tònùwò lọ, nítorí Faransé ni ó ṣe àkóso Benin, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú òfin 1922. Ará Kétu tí ó jàre yóò máa wá àlàfo nínú òfin 1961, tàbí kí ó tún pe ẹjọ́ tuntun, kí ó fi ìdájọ́ ti àkọ́kọ́ ṣe ẹ̀rí gbèsè. Ààlà tí òyìnbó fà ni ó ń pinnu ẹni tí í ṣe aládùúgbò ẹni lójú òfin.

Kí a padà sí onígbèsè wa. Bí Òkìtìpupa bá ti gba ìdájọ́ náà wọlé, àwọn ẹrù tí ó ṣeé gbé ni akọ́dà ilé-ẹjọ́ yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Bí wọn kò bá tó, ilé-ẹjọ́ lè fún un láyè kí ó fọwọ́ kan ilé àti ilẹ̀. Ibí yìí ni òfin àwọn baba ńlá ti ń dúró de òfin òyìnbó: a kì í ta ilẹ̀ ẹbí nítorí gbèsè ẹnìkan nínú ẹbí. Bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ ẹbí ni ó kọ́ ilé náà sí, àwọn mọ̀lẹ́bí yóò yọjú, olówó yóò sì rí i pé ìdájọ́ tí ó la òkun já lè kọsẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àgbàlá.

Àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè kò yàtọ̀ sí èyí. Abala 12 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 wí pé àdéhùn kankan kò ní agbára òfin àyàfi bí Ilé-ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti gba ọ̀nà yìí kọjá ní 1983. Òun ni Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò ọmọ ìlú Oǹdó, dì mú nígbà tí ìjọba ológun gbé e láti ilé rẹ̀ ní January 1996 láì ní ìwé àṣẹ. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dáhùn ní 2000 pé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ni Ìwé Àdéhùn náà, pé ó tilẹ̀ lágbára ju àwọn òfin mìíràn tí aṣòfin ṣe, ṣùgbọ́n pé kò ga ju ìwé òfin ìpìlẹ̀ lọ. Bí a kò bá ti sọ ọ́ di òfin ní 1983, ọwọ́ òfo ni agbẹjọ́rò ńlá náà ìbá fi dúró.

Irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́. Ní 1989 ni àjọ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní New York. Nàìjíríà gbà á ní 1991. Àwọn aṣòfin àpapọ̀ sọ ọ́ di òfin ní 2003, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ní àṣẹ lórí ọ̀ràn ọmọdé, a sì ní láti dúró de àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́ títí di 2007. Ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 ni òfin náà pè ní ọmọdé. Ọmọ tí a bí ní Àkótógbò ní 1989 ti pé 18 ní ọdún tí òfin náà dé ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà ti Benin yá ju èyí lọ lórí ìwé. Abala 147 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1990 wí pé àdéhùn tí a bá ti fọwọ́ sí tí a sì kéde ga ju òfin aṣòfin lọ, bí ẹnì kejì bá ń pa á mọ́; kò ní kí a tún un ṣe. Ní 2016 ìjọba wọn tilẹ̀ gbà kí ará ìlú lè pe ìjọba lẹ́jọ́ tààrà ní Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà tí ó wà ní Arusha. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yá wọlé a máa yá jáde. Ilé-ẹjọ́ náà dá ìjọba lẹ́bi ní 2019 nínú ẹjọ́ Sébastien Ajavon, oníṣòwò tí ó ti du ipò ààrẹ. Ní 2020 ìjọba Benin mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Láti 2021, ará Kétu tí ìjọba rẹ̀ bá fìyà jẹ kò lè lọ sí Arusha fúnra rẹ̀ mọ́. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá ṣì wà fún un, èyí tí àfikún àdéhùn ti 2005 ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jàre níbẹ̀, Kútọnù ni a óò fi ìwé ìdájọ́ náà ránṣẹ́ sí, sọ́dọ̀ ìjọba tí ó pè lẹ́jọ́, pé kí ó mú un ṣẹ.