Àgbo nílé, kóró lọ́sibítù: Ẹ má fi pamọ́ fún dókítà mọ́

Bí èèyàn bá jí ní kùtùkùtù ní Igbó-Ọrà, Ẹ̀rúwà tàbí Ìdèrè, kò ní rìn jìnnà kó tó rí ìyá alágbo pẹ̀lú àwọn ìgò rẹ̀. Àgbo ibà ni ẹnì kan fẹ́ mu, ẹlòmíràn ní jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu, ẹnì kẹta ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Púpọ̀ nínú wọn ló ní káàdì ọsibítù nílé. Wọ́n á mu ti ìyá alágbo láàárọ̀, wọ́n á lo ti dókítà lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ń lo nǹkan mìíràn?", wọ́n á ní rárá o. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí nọ́ọ̀sì má baà kanra mọ́ wọn. Irọ́ kékeré yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí ó ń pa èèyàn.

Kì í ṣe àwa nìkan la ní ìṣègùn àbáláyé. Àwọn ará Íńdíà ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní Ayurveda. Lọ́hùn-ún, ẹni tó bá fẹ́ di dókítà Ayurveda á lo ọdún márùn-ún ààbọ̀ lẹ́nu ẹ̀kọ́, ìjọba wọn sì dá mínísírì sílẹ̀ fún irú ìṣègùn bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2014. Igi kan tilẹ̀ so wá pọ̀ mọ́ wọn. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè ní ọmọ ìyá ní Íńdíà, tí àwọn náà fi ń tọ́jú wèrè láti ayébáyé, kí àwọn dókítà wọn tó rí i pé ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Lára gbòǹgbò ti Íńdíà yẹn ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Switzerland ti yọ òògùn reserpine jáde lọ́dún 1952. Àwọn bàbá wa kò kàn já ewé lásán. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n: kóró ní ìwọ̀n tí a mọ̀, ife àgbo kò ní.

Ní Abẹ́òkúta tó múlé ti Ìbàràpá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò lọ́dún 1954. Kò ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, pẹ̀lú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń se oúnjẹ fún wọn, wọ́n á sì máa lọ gba ìtọ́jú lọ́sibítù. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Lámbò yìí kan náà ló padà di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO.

Ní ti Ìbàràpá, ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò ìlera wá sí Igbó-Ọrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń wá gbé láàárín aráàlú. Ṣùgbọ́n Ìdèrè ni mo rò pé ẹ̀kọ́ tó tóbi jù ti wá.

Àwọn àgbà ibẹ̀ kò lè gbàgbé sobìà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹsẹ̀ á wú, á máa ta èèyàn bí iná, aràn tó lè gùn tó mítà kan á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀. Àgbẹ̀ á wà lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá ọlọ́mọ kò ní lè pọn omi. Ọ̀pọ̀ gbà pé wọ́n bí sobìà mọ́ èèyàn ni, bí iṣan. Wọ́n ń fi epo pa á, wọ́n ń fi ewé dì í. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ìdèrè láàárín ọdún 1980 sí 1990, wọn kò rí abẹ́rẹ́ gbé wá, nítorí kò sí òògùn tó ń pa sobìà títí di òní. Aṣọ asẹ́ ni wọ́n mú wá, tí a ó fi sẹ́ omi adágún kí kòkòrò tíntín tó ń gbé sobìà má baà wọ ikùn. Kí aráàlú tó gbà, wọ́n ní láti kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ohun tí aráàlú rò nípa àrùn náà, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ abúlé fúnra wọn ní iṣẹ́ ìlera. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sobìà ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ẹni tó ní i kẹ́yìn wà ní ìpínlẹ̀ Enugu lóṣù kọkànlá ọdún 2008, WHO sì jẹ́rìí sí i lọ́dún 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àgbo kọ́ ló lé e lọ, abẹ́rẹ́ kọ́.

Àmọ́ a kò ní torí pé a fẹ́ràn tiwa ká má sọ òótọ́. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn ìyá kan ń fún ọmọ tí gìrì gbé burú jáì. Ewé tábà, aáyù, efinrin, ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti àlùbọ́sà ni wọ́n ń pò mọ́ ìtọ̀ náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa rẹ̀: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, èyí tó tún ń dá gìrì mìíràn sílẹ̀, èémí ọmọ á sì máa fà sẹ́yìn. Bí gìrì bá gbé ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da ohunkóhun sí i lọ́fun, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́sibítù kíá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà tó ń lo kóró ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń mu asofẹ́yẹjẹ. Méjèèjì ló ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, òòyì lè gbé e ṣubú ní balùwẹ̀. Omi ewúro àti òògùn àtọ̀gbẹ náà lè jọ fa ṣúgà wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC ara ìgò àgbo tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ tàn yín. Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kà á fún yín: lára ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti kọ ọ́ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní àgbo náà ń wò wò.

Àwọn dókítà náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ẹni tí wọ́n bá jágbe mọ́ nítorí àgbo lẹ́ẹ̀kan kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láé.

Nígbà tí ẹ bá tún ń lọ sọ́sibítù, ẹ gbé ìgò àgbo náà dání, kí ẹ gbé e lé orí tábìlì dókítà. Bí ẹ kò bá mọ ewé tó wà níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó tà á. Bí òun náà bá kọ̀ tí kò sọ, ẹ dá ìgò rẹ̀ padà fún un.