Káàdì Olówó Oríṣìíríṣìí Fún Ẹni Tí Ó Ń Rìnrìn Àjò Lọ Sí Òkè Òkun

Àwọn ará ìjọ láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Àgọ́ Àmọ̀dù àti Ṣakí a máa rìnrìn àjò. Àwọn kan ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, àwọn kan ń lọ wo ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn kàn ń sọdá sí Parakou àti Ṣábẹ̀ẹ́ ni. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù ni bí wọn yóò ṣe mú owó dání láìkó o sínú àpò, pàápàá nípa káàdì báńkì tí owó orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń wà nínú rẹ̀. A rí i pé ó yẹ kí a ṣe àlàyé díẹ̀.

Nígbà kan, káàdì náírà tí ènìyàn fi ń gba owó ní Ṣakí náà ni ó ń mú lọ sí òkè òkun. Nígbà tí dọ́là wọ́n, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ohun tí a lè ná lórí rẹ̀ kù. Ní ọdún 2022, àwọn báńkì kan dín in kù sí 20 dọ́là péré lóṣù, àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá. Ogún dọ́là kò tó owó ibùsùn òru kan. Ní ọdún 2025, àwọn báńkì kan tún ṣí ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n ohun tí a ti tì rí, a lè tún un tì.

Káàdì olówó oríṣìíríṣìí yàtọ̀ sí èyí. Ẹ fi wé agbádá tí a rán àpò mẹ́ta sí nínú: dọ́là wà nínú ọ̀kan, pọ́n-ùn nínú èkejì, yúrò nínú ẹ̀kẹta, káàdì kan ṣoṣo ni a sì fi ń ná gbogbo wọn. Àwọn káàdì mìíràn wà tí àpò kan péré ni wọ́n ní, irú èyí tí a so mọ́ àkáǹtì dọ́mísílíárì ti dọ́là nìkan. Ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n má ṣe ka owó ìrìn àjò lé ènìyàn lọ́wọ́ mọ́, bí kò ṣe kí wọ́n san án sórí káàdì tàbí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní tí ó tóbi jù nínú rẹ̀ ni pé owó tí a ti pààrọ̀ kò tún bá náírà wálẹ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì pé 500 náírà ní iye ti ìjọba. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Ẹni tí ó ní 700,000 náírà ní ìpamọ́ fún ìrìn àjò lè fi ra ohun tí ó ju 1,400 dọ́là lọ tẹ́lẹ̀ (bí ó bá rí i rà ní iye ìjọba, èyí tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó rí i). Ní oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, kò tó 470 dọ́là mọ́.

Ibi tí owó ti ń jò lọ láìmọ̀ ni ojú ẹ̀rọ ìsanwó. Bí ẹ bá ra nǹkan ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ lè bi yín bóyá pọ́n-ùn ni ẹ fẹ́ fi san án tàbí dọ́là. Dọ́là yóò dùn ún mú nítorí pé òun ni ojú wa mọ̀. Ẹ má mú un. Ẹ mú owó ilẹ̀ tí ẹ wà. Bí ẹ bá mú dọ́là, àwọn tí ó ni ẹ̀rọ ni yóò dá iye tí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì fi èrè tiwọn lé e. Ká ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi lé ọjà 200 pọ́n-ùn, 10 pọ́n-ùn ti lọ nìyẹn, nígbà tí pọ́n-ùn gan-an wà nínú káàdì. Èyí kì í ṣe tuntun: àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀ jíjìn wá sí Tẹ́ḿpìlì ní Jerúsálẹ́mù náà ní láti pààrọ̀ owó, àwọn onípàṣípààrọ̀ sì ń jẹ èrè níbẹ̀. Ṣékélì tí wọ́n ń ná níbẹ̀ lónìí kì í sábà sí lára àwọn àpò inú káàdì, nítorí náà, ẹ bi báńkì léèrè èwo nínú àpò náà ni wọn yóò ti mú un, àti iye tí wọn yóò gbà.

Fún ẹni tí ó ń sọdá sí ilẹ̀ Bìnì Olómìnira tàbí Tógò, àpò yúrò ni ó dára jù. Láti ọdún 1999 ni a ti so sẹ́fà mọ́ yúrò ní 655.957 sẹ́fà fún yúrò kan, iye náà kò sì yí padà. Báńkì lè gba owó iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyípadà ọjà kò ní jẹ nínú rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Kùtọnú yóò gba káàdì. Obìnrin tí ó ń ta iṣu ní ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní gbà á. Ẹ mú sẹ́fà dání.

Hòtẹ́ẹ̀lì a máa ti owó kan pa lórí káàdì gẹ́gẹ́ bí ìdúró, ó sì lè gba ọjọ́ bíi mélòó kan kí ó tó tú u sílẹ̀. Nítorí pé owó yín gan-an ni ó wà nínú káàdì yìí, ẹ kò ní lè ná èyí tí wọ́n tì pa. Ẹ̀rọ tí ń pọ owó náà sábà máa ń gba owó iṣẹ́ ní ìgbàkígbà tí a bá lò ó, nítorí náà, gbígbà díẹ̀díẹ̀ kò pé.

Fún àwọn àlùfáà tí ń kó ará ìjọ jáde: ẹ má ṣe kó owó gbogbo ẹgbẹ́ sórí káàdì ẹnì kan. Bí ẹ̀rọ bá gbé káàdì yẹn mì ní ọjọ́ kejì, ogún ènìyàn ni ebi yóò pa. Kí ènìyàn méjì ó kéré tán mú u dání, kí akápò sì gba àkọsílẹ̀ ìnáwó lọ́wọ́ báńkì nígbà tí wọ́n bá padà dé.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi káàdì náà san owó kékeré kan kí ẹ lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ tún ní kí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ṣí nọ́ńbà yín fún lílò ní òkèèrè, nítorí pé orí rẹ̀ ni báńkì yóò fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí nígbà tí ẹ bá ń sanwó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ kọ nọ́ńbà báńkì tí a ń pè láti fi ti káàdì tí ó sọnù sínú ìwé, lọ́tọ̀ sí ibi tí káàdì wà.