Àyè Fún Àṣàrò Nínú Kòókòó Jàn-án Jàn-án

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé kan, bí a ti jókòó ti oúnjẹ, ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, bi wá léèrè pé, "Dádì, Mọ́mì, kí ni pásítọ̀ wàásù lé lórí lánàá?" Àwa méjèèjì wo ojú ara wa. A ti jó, a ti yọ̀, a ti ṣe "Àmín" tó rinlẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ kọ ìwàásù náà sínú ìwé. Síbẹ̀, a kò rí èsì fọ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ti gbàgbé."

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ìtìjú alẹ́ ọjọ́ náà ni ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìkòròdú ni àwa tọkọtaya ń gbé. Ọ̀kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó; kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, ó ti wà ní ibùdókọ̀. Èkejì ń ta ẹja. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ó ń gba Ìtòìkín lọ sí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, nítorí ọ̀bọ̀kún àti epìyà. Ẹni tó bá pẹ́ dé ọjà yẹn, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ṣà kù ni yóò rà. Bí a bá sì délé, ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì wà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìpàdé àdúrà ní Ọjọ́bọ̀, ìṣọ́ òru ní ọjọ́ Ẹtì, ìdánrawò akọrin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n a ń ṣe iṣẹ́ Olúwa títí a kò fi ráyè gbọ́ ohùn Olúwa fúnra rẹ̀. Àwa ni Màtá inú Lúùkù 10:38 sí 42.

KÍ NI ÀṢÀRÒ?

Àṣàrò kì í ṣe kí a jókòó kí a máa wo òfìfo. Kì í sì ṣe kíka orí Bíbélì mẹ́ta ní wàrà-wéré. Ẹ wo màlúù: bí ó bá jẹko tán, yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, yóò máa pọ koríko náà padà sẹ́nu, yóò máa jẹ àpọ̀jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni koríko ṣe ń di wàrà. Àwa ń jẹko púpọ̀ nínú ìsìn, ṣùgbọ́n a kì í jẹ àpọ̀jẹ. Ìdí nìyí tí ìwàásù fi ń gba etí kan wọlé, tí ó ń gba èkejì jáde.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ẹni tí iṣẹ́ kò pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ ló lè ráyè." Ẹ jẹ́ kí a wo Jóṣúà 1:8. Ta ni Ọlọ́run pàṣẹ àṣàrò tọ̀sán-tòru fún? Olórí orílẹ̀-èdè kan ni, ẹni tí ogun wà níwájú rẹ̀! Olúwa wa Jésù pàápàá, lẹ́yìn tí gbogbo ìlú ti pé jọ sẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́, ó dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lọ síbi tó dá, ó sì gbàdúrà níbẹ̀ (Máàkù 1:32 sí 35).

NÍGBÀ TÍ Ẹ́ŃJÍNNÌ DÚRÓ

Ẹ rántí Àpósítélì Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní Odò-Ọ̀wà ní ọdún 1904. Awakọ̀ ẹ́ńjínnì tí ń tẹ ọ̀nà ni, lábẹ́ iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní PWD. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ẹ́ńjínnì rẹ̀ dúró lójú iṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ohùn tó pè é. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà.

Àwa ńkọ́? Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ wa ń dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mile 12. Ẹ́ńjínnì dúró, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò dúró. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú ọ̀nà BRT láti Mile 12 sí Ìkòròdú ní ọdún 2015, a rò pé àyè yóò gbà wá. Àyè tí a rí, fóònù ló gbà á.

OHUN TÍ A WÁ ṢE

Ìkínní, ní alẹ́, a ń mú ẹsẹ Bíbélì kan péré, a ń kọ ọ́ sórí bébà kékeré, a sì ń fi í sápò.

Ìkejì, a yan ibi kan pàtó fún un. Ẹnì kan mú ìjókòó ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Kétu. Èkejì mú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Fóònù yóò wà nínú báàgì. (Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ fúnra yín, ẹ má pa ojú dé o! Ẹ jí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú àwọn ará ilé.)

Ìkẹta, a ń bi ẹsẹ náà léèrè: Kí ni ó sọ nípa Ọlọ́run? Kí ni ó bá wí nínú mi? Kí ni kí n ṣe lónìí?

Ìkẹrin, nídìí oúnjẹ alẹ́, olúkúlùkù yóò sọ ohun tí ó rí, títí kan àwọn ọmọ.

Ìbéèrè kejì yẹn mú. Ní ọjọ́ kan, Òwe 11:1 tó bá òṣùwọ̀n ẹ̀tàn wí ló wà nínú àpò ẹni tó ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀. A ti ka ẹsẹ náà láìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí ọkọ̀ tó dé Ìtòìkín, ọ̀rọ̀ náà ti bi í pé: "Ẹja àná tí ò ń tò sí ìsàlẹ̀ abọ́, tí o fi tuntun bò lórí ńkọ́?" Ó sunkún nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹja àná dá dúró lọ́tọ̀, iye owó rẹ̀ sì dín. Èrè wa kọ́kọ́ já wálẹ̀. A kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n oorun wa dùn.

A kì í ṣe aláṣepé. Ọjọ́ mìíràn wà tí àárẹ̀ borí wa, tí bébà náà wà nínú àpò títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a óò tún bẹ̀rẹ̀.

Olùkàwé wa ọ̀wọ́n, kò sí ẹni tí yóò ta àyè fún ọ. Nínú èyí tí o ní ni wàá ti bù ú. Mú ẹsẹ kan lálẹ́ òní. Jẹ ẹ́ ní àpọ̀jẹ lọ́la. Bí ọmọ rẹ bá bi ọ́ léèrè ní ọjọ́ Ajé, kí o rí èsì fún un.

Kí Olúwa mú ọkàn wa dúró jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.