Ọwọ́ Atúnrédíòṣe Ni Áńpílífáyà Gìtá Ti Wá

Ní ọdún 1962, ní Hanwell, àdúgbò kan ní ìwọ̀-oòrùn London, ọkùnrin kan tó ń ta ìlù òyìnbó gbà kí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan áńpílífáyà gìtá. Jim Marshall ni orúkọ rẹ̀. Onílù ni òun fúnra rẹ̀, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlù kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọdún 1960. Àwọn onílù tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú àwọn onígìtá ẹgbẹ́ wọn wá. Àwọn onígìtá náà, tí Pete Townshend wà lára wọn, ń ráhùn pé Amẹ́ríkà ni áńpílífáyà tó wu àwọn ti ń wá, owó rẹ̀ sì ju apá àwọn lọ.

Ken Bran ló ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n yé ta iṣẹ́ ẹlòmíì, kí wọ́n ṣe tiwọn. Wọ́n wá Dudley Craven kún un, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ EMI. Inú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rédíò ṣe fàájì ní Greenford ni Bran ti mọ̀ ọ́n: àwọn ènìyàn tó máa ń padà dé láti ibi iṣẹ́ oòjọ́ wọn lálẹ́, tí wọn á jókòó ti wáyà àti lẹ́ẹ̀dì nítorí pé ó wù wọ́n. Wọ́n gbé áńpílífáyà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Fender Bassman ka iwájú, wọ́n tú u, wọ́n tọ ipa wáyà rẹ̀ láti ẹnu dé ìdí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀.

Bí a bá ń sọ ìtàn áńpílífáyà gìtá, orúkọ àwọn tó ta gìtá nídìí rẹ̀ la máa ń dá: Hendrix, Clapton, Santana. Èmi gbà pé àwọn tó tú ìdí rẹ̀ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ. Nínú àwọn áńpílífáyà tí ayé ń wárí fún, èyí tó pọ̀ jù ló bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ti ẹlòmíì ṣe.

Bassman tí wọ́n tú yẹn náà, ọwọ́ atúnrédíòṣe ló ti wá. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni Leo Fender kọ́. Nígbà tí ọ̀dá owó tó dá Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yá 600 dọ́là, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń tún rédíò ṣe ní Fullerton, ní California, ní ọdún 1938. Kò mọ gìtá ta. Rédíò àti ẹ̀rọ agbáwo-orin ni àwọn ará ìlú ń gbé wá fún un, kò sì pẹ́ tí àwọn olórin náà fi ń gbé ẹ̀rọ wọn dé.

Ohun tó ń lé àwọn olórin wá kò ṣòro fún wa láti mọ̀. Gìtá onígi kò lóhùn níwájú ìlù àti fèrè. Jùjú tiwa náà bá ìṣòro yìí pàdé lẹ́yìn ogun Hítílà, nígbà tí gángan wọ inú rẹ̀, tí ohùn gìtá sì fẹ́ rì. Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè so gìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn oníjùjú. Ọ̀nà tí gbogbo gìtá oníná inú jùjú gbà láti ìgbà náà nìyẹn. Ìlù ló fa gìtá lọ sídìí iná, nílé àti lẹ́yìn odi.

Fender ń tún ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣe, ó sì ń kọ́gbọ́n. Ó ń rí ohun tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, ó ń rí wáyà tó há sí ibi tí ọwọ́ kò lè dé. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn ogun, ó ṣe é kí ó lè rọrùn fún atúnṣe. Ó lẹ ìwé mọ́ inú àpótí rẹ̀ tó ń sọ irú fáàfù tó gbọ́dọ̀ wà ní ihò kọ̀ọ̀kan. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀nà tí iná gbà nínú rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà nínú ìwé tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe fáàfù ń tẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ rédíò. Páálí dúdú líle tí wọ́n lu ihò sí, tí wọ́n fi idẹ róbótó yí ẹnu ihò náà, ni wọ́n ń to rẹ́sísítọ̀ àti kapásítọ̀ sí. Àwọn obìnrin ló ń jó o pọ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sì parí tirẹ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ sórí téèpù, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí irin áńpílífáyà náà. Ẹni tó bá ṣí Fender àtijọ́ lónìí á bá orúkọ yẹn níbẹ̀. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í sí nínú ìwé ìtàn orin, ó sì ń dùn mí.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà gan-an? Fáàfù jẹ́ ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Irin kan wà láàárín rẹ̀ tí iná kékeré ń mú gbóná, ooru yẹn sì ń mú kí ó máa tú ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Awo irin kan yí i ká lókèèrè, tí agbára iná orí rẹ̀ ga gan-an, òun ló ń fa ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù náà mọ́ra. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá yí po láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n ń pè é ní gíríìdì. Orí gíríìdì yìí ni ohùn gìtá ń gbà wọlé. Bí ó bá mì díẹ̀, ohun tó ń dé orí awo irin á mì gidigidi. Ohùn náà á ti inú fáàfù kan bọ́ sí òmíràn, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ tíránsífọ́mà tó ń gbé e fún sípíkà.

Fáàfù ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí onígìtá bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀, kò ní rí àyè fún gbogbo ìgbì ohùn náà mọ́, á gé orí rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kì í gé e ṣánṣán. Ohùn náà á nípọn, á há, á sì pẹ́ kó tó kú, bí ohùn akọrin tó ti kọrin mọ́jú níbi àìsùn. Àbùkù ni Fender ka èyí sí. Ohùn tó mọ́ ló ń wá. Àwọn ọ̀dọ́ onígìtá ni wọ́n yí bọ́tìnnì dé òpin, tí wọ́n sì sọ pé ibẹ̀ gan-an ló dùn. Kò sí ẹlẹ́rọ kan tó jókòó tó fi ìṣirò wá ohùn yìí jáde. Etí olórin ló yàn án.

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hanwell fi ṣe pàtàkì. Àwòrán Bassman ni Bran àti Craven tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ohun èlò tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n lò. Fáàfù àkọ́kọ́ tí gìtá ń bá pàdé nínú Bassman ni 12AY7, tí kì í gbé ohùn ga púpọ̀. Wọ́n fi ECC83 síbẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti tàkọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ra tíránsífọ́mà. Fáàfù ìparí, 5881 ni wọ́n kọ́kọ́ lò bíi ti Fender, nígbà tó yá wọ́n yí sí KT66 tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sípíkà Jensen oníníńṣì mẹ́wàá mẹ́rin ló wà nínú Bassman, ẹ̀yìn àpótí rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Tiwọn, Celestion oníníńṣì méjìlá mẹ́rin ni, wọ́n sì dí ẹ̀yìn àpótí pa. Ẹ wo iye ohun tó yí padà láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan ìlànà àwòrán náà. Tètè há ni ti Marshall, ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ sì wúwo. JTM45 ni wọ́n pè é: Jim àti Terry Marshall, Terry sì ni ọmọ rẹ̀.

Townshend kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó fẹ́ èyí tó pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ṣe oní-100 wáàtì fún un. Ó tún ní kí wọ́n kó sípíkà mẹ́jọ sínú àpótí kan ṣoṣo. Àpótí yẹn wúwo débi tí àwọn tó ń gbé ẹrù ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè fara dà á mọ́, bí wọ́n ṣe pín in sí méjì nìyẹn, ọ̀kan lórí èkejì. Òkìtì àpótí dúdú tí a máa ń rí lẹ́yìn àwọn olórin rọ́ọ̀kì, ẹ̀yìn àwọn alágbàrù ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ.

Ní California, nígbà tí ọdún 1960 sí 1969 ń parí lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin atúnṣe kan tó ń jẹ́ Randall Smith gba Fender Princeton kan lọ́wọ́ Barry Melton, onígìtá ẹgbẹ́ Country Joe and the Fish. Áńpílífáyà kékeré ni Princeton, wáàtì rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 12 lọ. Smith kó ìdí rẹ̀ dànù, ó kó iṣẹ́ inú Bassman sínú àpótí kékeré yẹn, ó sì gé iwájú àpótí náà kí sípíkà oníníńṣì méjìlá lè wọ̀ ọ́. Carlos Santana dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ènìyàn sì pé lé e lórí ní títì. Láti ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ áńpílífáyà Mesa/Boogie ti dìde. Nígbà tó yá, Smith fi ìpele fáàfù kan kún ìpele tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì fi bọ́tìnnì ohùn sáàárín wọn, kí ohùn lè há láìjẹ́ pé etí gbogbo ilé di. Àtúnṣe yìí wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù tí àwọn afi-áńpílífáyà-ṣe-fàájì ń ṣe lónìí.

Tíránsítọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó kéré, kò wọ́n, kì í gbóná, kì í fọ́. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe fáàfù ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ń tì pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ti ìlà-oòrùn Yúróòpù kò tì nígbà náà, nítorí pé ẹ̀rọ ológun wọn ṣì ń lo fáàfù. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ nínú fáàfù tó ń wọ áńpílífáyà lónìí fi ń wá láti Saratov ní Rọ́ṣíà, láti Čadca ní Slofákíà, àti láti Ṣáínà. Nígbà tí ogun Ukraine fa ìdíwọ́ fún ọjà Rọ́ṣíà ní ọdún 2022, àwọn olùtà káàkiri ayé sáré kó fáàfù pamọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, Fender Champ tí wọ́n ń pè ní 5F1 ni wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ kàn. Fáàfù mẹ́ta péré ni, bọ́tìnnì kan, sípíkà oníníńṣì mẹ́jọ, wáàtì márùn-ún. Àwòrán rẹ̀ gba ojú ìwé kan. Ẹni tó bá lè mú irin ìjólẹ́ẹ̀dì dáadáa, tó sì ní sùúrù, lè kàn án parí.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí wọ etí: áńpílífáyà oní-fáàfù lè pa ènìyàn. Iná tó wà nínú Bassman ju 400 fólítì lọ, kapásítọ̀ inú rẹ̀ sì lè di iná yẹn mú lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Àwọn tó gbọ́n nídìí rẹ̀ máa ń fi rẹ́sísítọ̀ fa iná náà gbẹ, wọn á fi mítà wò ó bóyá ó ti dé òdo lóòótọ́, kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ó bá di dandan kí wọ́n wò ó nígbà tí iná wà nínú rẹ̀, ọwọ́ kan ni wọ́n ń lò, èkejì á wà nínú àpò, kí iná má baà rí ọ̀nà gba àyà kọjá. Wọn kì í sì tan án láìsí sípíkà nídìí rẹ̀, torí pé tíránsífọ́mà rẹ̀ lè jó. Fún wa ní Nàìjíríà, ọ̀kan tún kù: 120 fólítì ni ti Amẹ́ríkà, 230 ni tiwa. Ẹni tó bá ki èyí tó ti Amẹ́ríkà wá bọ ògiri wa láìsí tíránsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, ó ti sun ún.

Ọkùnrin kan gbìyànjú láti ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ yìí. Alexander Dumble, ní California, ń ṣe áńpílífáyà lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá wù ú, ó sì máa ń da ọ̀dà líle bo inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀nà tí iná gbà. Owó tí wọ́n ń tà á báyìí ju 100,000 dọ́là lọ, Dumble sì kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Kó tó kú, àwọn atúnṣe ti fi sùúrù họ ọ̀dà náà kúrò lára díẹ̀ nínú wọn, wọ́n ya àwòrán ohun tó wà nísàlẹ̀, wọ́n sì pín in fún ara wọn. Fender tí wọ́n ti tún ṣe ni wọ́n bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìpele fáàfù tó ń mú ohùn há.