Ẹ̀rọ Agékoríko: Bí A Ṣe Lè Tún Ẹ̀yìnkùlé àti Etí Oko Ṣe Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Bí òjò bá ti ń lọ sópin ní oṣù kẹwàá ọdún, eruwà tí ó ti ga ju orí ènìyàn lọ a bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ọyẹ́ a sì gbẹ ẹ́ tán. Láti ìgbà náà lọ, ẹyín iná kan péré láti ìdí ààrò tó láti sun abúlé.

Ní abúlé kan tí mo máa ń bẹ̀ wò, iná tí àwọn ọdẹ dá sí ìgbẹ́ jó dé abà tí wọ́n kó iṣu sí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Àwọn tí ó ni iṣu náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ro oko wọn mọ́. Àárín abà àti ìgbẹ́ ni wọn kò ráyè ro, nítorí ìgbà náà gan-an ni wọ́n ń wa iṣu tí wọ́n sì ń kó ọkà bàbà jọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn wá jù nìyí: àkókò tí a níláti ṣán koríko ni ọwọ́ wa kì í dilẹ̀ rárá.

Ẹ̀rọ agékoríko tí à ń gbé kọ́ èjìká lè gbà wá lọ́wọ́ ìdààmú yìí. Ẹ fi okùn náílọ́ọ̀nù gé koríko ẹ̀bá ògiri, ẹ sì fi abẹ irin ṣán eruwà àti ewé Akíntọ́lá tí igi rẹ̀ ti le. Ẹ má jẹ́ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì kan ìdí kajú tàbí máńgòrò kékeré. Bí èèpo rẹ̀ bá bó yíká, igi náà kú nìyẹn. Ọkọ́ ni kí ẹ fi ro ìdí igi.

Ṣùgbọ́n kí ó yé wa pé koríko tí a gé tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ ṣì jẹ́ oúnjẹ fún iná. Ẹ kó o kúrò, kí ẹ fi bo ebè tàbí kí ẹ kó o fún àgùntàn, kí ẹ sì fi ọkọ́ ha ilẹ̀ náà títí erùpẹ̀ yóò fi hàn, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 15 ní ìbú, yí abà ká. Ní ti èkan, ẹ̀rọ kò lè pa á. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, yóò sì tún hù.

Epo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́. Ọ́ìlì two-stroke ni kí a dà pọ̀ mọ́ pẹtiróòlù, kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò. Bí ìwé ẹ̀rọ bá ní 50 sí 1, pẹtiróòlù lítà 5 gba ọ́ìlì mílílítà 100. Bí ó bá ní 25 sí 1, ó gba 200. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù kí ẹ tó tún epo bù sí i, jìnnà sí ààrò.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí, mo rò pé àwọn ojo ni wọ́n ṣe ìbòjú fún. Òkúta kékeré kan ta bà mí lábẹ́ ojú. Ó kù díẹ̀ kí ó gba ẹyinjú mi. Ẹ wọ ìbòjú, ẹ wọ búùtù àti ṣòkòtò gígùn, ẹ dí etí yín, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé àti ẹran sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 50.

Owó ẹ̀rọ kan lè pọ̀ jù fún ẹnì kan. Ẹgbẹ́ lè dáwó rà á, ṣùgbọ́n kí ẹ yan ẹni kan ṣoṣo tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ gbogbo ayé kì í pẹ́ bàjẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, NCAM, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, wà nítòsí wa ní Ìdòfìán. Ẹ rán aṣojú ẹgbẹ́ lọ béèrè ìmọ̀ràn níbẹ̀ kí ẹ tó náwó. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí olùtọ́jú da epo inú rẹ̀ jáde, kí ó tan án títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí ó tó gbé e wọlé.