Ìdí tí àwọn dókítà Keio fi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì

Ọ̀pọ̀ ló ti ka ìròyìn tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025 láti Yunifásítì Keio ní Tókyò: ọkùnrin mẹ́rin tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣèṣe gba sẹ́ẹ̀lì tuntun, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ti ń dá dìde dúró, òmíràn ti ń mi apá àti ẹsẹ̀, àwọn méjì yòókù kò rí ìyípadà kan tó lápẹẹrẹ. Ẹni mẹ́rin kéré, kò sí àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé, àwọn mìíràn sì máa ń gbádùn díẹ̀ láìgba ohunkóhun, nítorí náà kò tíì tó ohun tí a ń jó sí. Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú iṣẹ́ náà ni pé àwọn dókítà dúró. Ó di ọjọ́ 14 sí 28 lẹ́yìn ìjàǹbá kí wọ́n tó gbin sẹ́ẹ̀lì sí ẹnikẹ́ni lára. Kí ló dé, nígbà tó jẹ́ pé kíá ni gbogbo wa mọ̀ pé à ń dóòlà ẹni tó ṣèṣe? Èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń tú jáde, tí wọ́n ń pè ní sáítókáìnì, wà lára ohun tí wọ́n ń yẹra fún.

Sáítókáìnì kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe májèlé. Purotéènì kéékèèké ni, iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ láàárín sẹ́ẹ̀lì sì ni pé ọgbẹ́ wà níbí, ẹ máa bọ̀. Nígbà tí eegun ẹ̀yìn bá ṣẹ́, tó sì tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, ìyẹn okùn rírọ̀ inú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó máa kú ló ń kú lójú ẹsẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, microglia, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, á ti máa tú àwọn sáítókáìnì bíi IL-1, TNF àti IL-6 síta. Àwọn sójà ara tí wọ́n ń pè ní neutrophil ló kọ́kọ́ ń ya dé láti inú ẹ̀jẹ̀. Macrophage á tẹ̀ lé wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan, á máa gbé òkú sẹ́ẹ̀lì mì, àti ọ̀rá tó ti ya kúrò lára iṣan ìmọ̀lára. Iṣẹ́ pàtàkì ni, torí níbi tí ọ̀rá yẹn bá wà nílẹ̀, iṣan kì í hù dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn sójà kan náà ń tú èròjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Èyí tó yè nínú ìjàǹbá á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ọgbẹ́ á sì gbòòrò kọjá ibi tí eegun ti tẹ̀ ẹ́. Ó dà bí agogo tó pe ará àdúgbò jáde wá pa iná: bí kò bá dákẹ́ lẹ́yìn tí iná ti kú, àwọn tó ń rọ́ wọlé á máa wó ògiri tí iná kò jó. Sẹ́ẹ̀lì tí a bá gbìn sáàárín rúkèrúdò bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kó yè. Bí a bá sì pẹ́ jù, àpá líle á ti dí ọ̀nà.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n kúkú pa ìpè náà lẹ́nu mọ́. Wọ́n ti dán an wò. Ní 1990, ìwádìí NASCIS 2 ní Amẹ́ríkà sọ pé methylprednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó ń tẹ sójà ara rì, ń ṣe àǹfààní díẹ̀ bí wọ́n bá fún ènìyàn láàárín wákàtí 8. Ilé ìwòsàn káàkiri ayé gbà á. Àwọn tó tún èsì náà yẹ̀ wò rí i pé àǹfààní ọ̀hún kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé àkóràn àti ẹ̀jẹ̀ inú ikùn sì ń tẹ̀ lé e. Ní 2013, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Ẹnì kan lè ní sítẹ́rọ́ìdì ló jẹ̀bi, torí ó ń pa gbogbo ìpè pọ̀, pé oògùn tó bá dojú kọ ẹyọ kan á ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀: ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Japan dínà IL-6 lára eku, ara àwọn eku náà sì yá ju ti àwọn yòókù lọ. Àmọ́ ní 2001, àwọn eku tí wọn kò ní ibi tí TNF ń so mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì kò gbádùn tó àwọn tó ní in. Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ti ara ọmọ ẹja zebrafish wá, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ń hù padà bó bá já. Ní Edinburgh, ní 2018, wọ́n fi hàn pé bí a bá dínà IL-1β ní ìbẹ̀rẹ̀ pàá, iṣan kò ní hù bó ṣe yẹ. Bí IL-1β kan náà bá sì pẹ́ jù lójú ọgbẹ́, òun gan-an ló ń dá iṣan dúró.

Lóòótọ́, ẹja kì í ṣe ènìyàn, eku náà kì í ṣe ènìyàn. Macrophage tí wọ́n ti tọ́jú níta ara ran eku lọ́wọ́ ní 1998, lábẹ́ Michal Schwartz ní Israel. Nígbà tí èsì ti ènìyàn jáde ní 2012, wọn kò rí àǹfààní kankan. Síbẹ̀, ohun tí mo rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kò sí sáítókáìnì rere tàbí búburú. Ọjọ́ tó dé àti bó ṣe pẹ́ tó ló ń sọ ohun tó máa ṣe. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo rò pé kàlẹ́ńdà kan náà fún gbogbo aláìsàn kò tó. Ní Vancouver, Brian Kwon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fa omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèṣe, wọ́n sì rí i pé bí ọgbẹ́ ṣe le tó ni IL-6 inú omi náà ń pọ̀ tó. Ó yẹ kí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì.

Ìdí mìíràn wà tí mi ò fi fọkàn tán oògùn tó ń káàkiri gbogbo ara. Bí ọgbẹ́ bá wà lápá òkè ọ̀pá ẹ̀yìn, ó máa ń da àṣẹ rú láàárín ọpọlọ àti ẹ̀yà ara apá òsì inú ikùn tí sójà ara ń kó jọ sí. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ ń gbóná, ààbò ara níbi yòókù ti ń rẹ̀, òtútù àyà àti àkóràn ilé ìtọ̀ á sì rí àyè wọlé. Oògùn tó bá tún tẹ àwọn sójà tó kù rì á kan ẹ̀dọ̀fóró kó tó ran ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́wọ́.